Níbo ni ẹ̀yin ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá fẹ́ mọ nǹkan?

Àdùkẹ́_Abẹ́rẹ́

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Mo ní máṣíìnì ìránṣọ kan tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi. Máṣíìnì àtijọ́ ni, irin ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ti ń fo ìrán: á rán mẹ́rin, á fo méjì, á sì já òwú. Mo ní kí n wá ojútùú sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-òpó bí ogún ló jáde, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. "Ìdí mẹ́wàá tí máṣíìnì rẹ fi ń fo ìrán." Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn pẹrẹsẹ abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn máṣíìnì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ wá rán mọ́ rárá. Bí mo bá ka ìlà méjì, ìpolówó á yọ, á bo gbogbo ojú fóònù, n ó wá máa wá àmì X kékeré tí wọ́n fi ń lé e lọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Èyí tó dùn mí jù ni ojú-òpó kan tó ní òun ní ìwé ìlànà máṣíìnì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi áàpù kan sórí fóònù mi. Èmi náà fi í. Ìwé ò jáde, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni fóònù mi ti ń dá ṣí ojú ewé tẹ́tẹ́ láàárín òru.

Ìbéèrè mi nìyí. Níbo lẹ̀yin ń lọ? Kì í ṣe ti máṣíìnì nìkan o. Ojú ọjọ́, ìlera, ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ ọmọ, ohun tó bà jẹ́ nílé. Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ mi látàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ bí mo bá ká a kò, ojú-òpó mẹ́ta péré ni mò ń dé.

ọmọ_kọ̀ǹpútà

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná.

Ẹ yọ áàpù yẹn kúrò lónìí. Bí ó bá ní òun ò ní kúrò, ẹ tan fóònù sí "safe mode". Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa á mọ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ "Power off" bá ti yọ, ẹ tẹ òun náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi bi yín bóyá ẹ fẹ́ wọ safe mode. Àwọn áàpù tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi sórí fóònù kò ní lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ó sì rí i yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ìmeèlì yín.

Ojú-òpó méjì tí mo máa fi kún un:

haveibeenpwned.com. Ọ̀gbẹ́ni Troy Hunt, ará Ọsirélíà, ló dá a sílẹ̀ ní 2013. Ẹ kọ ìmeèlì yín síbẹ̀, yóò sọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ìmeèlì náà ti jò jáde lọ́wọ́ wọn. Kò ní béèrè páásíwọ́ọ̀dù ìmeèlì náà lọ́wọ́ yín.

virustotal.com. Bí fáìlì kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, ẹ̀rọ agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tó lé ní àádọ́ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ má gbé ìwé àṣírí yín síbẹ̀, torí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, àwọn mìíràn lè rí i.

BàbáÌwé

Àdùkẹ́ ọmọ mi, màá padà sórí ẹ̀yìn pẹrẹsẹ abẹ́rẹ́ yẹn. Fi í sọ́kàn ná.

Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè ohun tí wọ́n ń wá gan-an. Ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, ó ní ìwé òfin lòun fẹ́. Mo bi í pé òfin wo? Ó ní òfin ṣáà ni. Ìgbà tí mo fún un ní àga tó jókòó, mo rí i pé onílé rẹ̀ ló fún un ní ìwé kó-jáde-nílé. Ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé mẹ́rin ló bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí mo bá ti gbé ìwé òfin ńlá lé e lọ́wọ́, orí rẹ̀ ni yóò fi rọrí.

Bí ìwọ náà ṣe bi Google léèrè nìyẹn. "Máṣíìnì mi ń fo ìrán." Ẹgbàágbèje èèyàn ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, torí náà ibẹ̀ làwọn tó ń fi ìpolówó jẹun pa àgọ́ sí. Wọn ò fọwọ́ kan máṣíìnì rí, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ lànáà ni wọ́n ń pa láró lónìí. Ṣùgbọ́n bó o bá béèrè nípa máṣíìnì tìrẹ gangan, èrè wo ló wà níbẹ̀ fún wọn? Wọn ò ní sí níbẹ̀. Àwọn tó ní irú rẹ̀ nílé, àti ẹni tó tọ́jú ìwé rẹ̀, ni wàá bá.

Ṣe báyìí. Mú tọ́ọ̀ṣì, wo ara rẹ̀ dáadáa. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á wà ní iwájú. Nọ́ńbà kan á wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin, ó sábà máa ń wà lórí ìjókòó máṣíìnì lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí òróró àti eruku bá ti bò ó, fi aṣọ nù ún. Nọ́ńbà yẹn lè má jẹ́ ti irú máṣíìnì náà fúnra rẹ̀, àmọ́ àtẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀. Tó o bá ti mọ irú rẹ̀, kọ orúkọ àti nọ́ńbà náà sáàárín àmì àyọlò, kí Google má baà fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kọ "manual" tẹ̀ lé e, kí o wá fi "filetype:pdf" kádìí rẹ̀. Ìwé gidi ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí yóò jáde. Bó o bá fẹ́ wá inú ojú-òpó kan ṣoṣo, "site:" ni wàá kọ, kí o so orúkọ ojú-òpó náà mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, "site:archive.org" ni màá kọ́kọ́ gbìyànjú. Brewster Kahle ló dá ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ní 1996. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ àtijọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá kù. Aránṣọ nìyàwó mi, òun ló ní kí n sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì ní ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn láti òkè dé ojú rẹ̀, ní òdìkejì ẹ̀yìn pẹrẹsẹ. Ibi tí ojú ọ̀nà yẹn bá kọjú sí ni òwú ti ń wọlé. Lára máṣíìnì ìsinsìnyí, iwájú ni. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ni. Ọ̀tún ni tàbí òsì? Ìwé rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Sọ̀rọ̀_Kó_Dùn

Gbogbo wàhálà yìí nítorí kí ni? Mo ní ẹ̀rọ AI lórí fóònù mi. Mo bi í, ó dáhùn kí n tó fẹnu kan omi. Ta ló tún ń wá ojú-òpó kiri?

Tíṣà_Oníṣirò

Ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ń lò ó, àmọ́ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fún mi ní ìwé tí mo lè fi kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò onígun mẹ́ta. Ó fún mi ní àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ewé pàápàá. Mo wá a ní ilé ìkàwé, mo wá a ní worldcat.org tó ń kó àkójọ ìwé inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìkàwé káàkiri ayé pọ̀. Kò síbì kankan. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí! Mo padà lọ bi í, ó tọrọ àforíjì, ó sì fún mi ní òmíràn. Òun náà ò sí.

Ibi tó ti wúlò fún mi jù ni bí mi ò bá mọ orúkọ nǹkan. "Irin kékeré tó ní eyín bí ayùn, tó ń sún aṣọ síwájú lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí ni wọ́n ń pè é?" Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Orúkọ yẹn ni mo gbé lọ síbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà.

Sọ̀rọ̀_Kó_Dùn

Ó dáa, tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé Wikipedia ni ẹ óò tún darí wa sí. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá lè lọ kọ pé òun ni ọba.

BàbáÌwé

Ó lè kọ ọ́. Lórí ojú ewé tí èrò ń wò dáadáa, ẹnì kan á ti pa á rẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Lórí ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìyàtọ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn mọ̀.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka Wikipedia. Mo máa ń wo àwọn nọ́ńbà kéékèèké inú ọ̀rọ̀ náà, mo máa ń tẹ̀ wọ́n láti rí ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wá. Bí ìpínrọ̀ kan ò bá ní nọ́ńbà kankan, etí òsì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ "History" lókè, tí mo fi ń rí ẹni tó yí nǹkan padà àti ọjọ́ tó yí i. Ìwé ńlá ńlá tí a ní ní ilé ìkàwé kò fi irú ìyẹn hàn wá rí. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Yorùbá wà ní yo.wikipedia.org, ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ń fẹ́ ọwọ́ tó máa kún un. Sọ̀rọ̀_Kó_Dùn, o ò ṣe lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ dípò àwàdà ọba?

Ẹyẹ_Lójú

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tó ń dùn mọ́ èmi. Ẹyẹ ni mò ń wò. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò kàn mí.

Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Merlin, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti 2021 ló ti ń fetí sí ẹyẹ fúnra rẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo máa ń gbé fóònù sójú fèrèsé, mo máa ń tẹ bọ́tìnì kan, ìlà ohùn á máa sáré lọ lórí rẹ̀ bí ìgbì omi. Bí ẹyẹ kan bá ti ké, orúkọ àti àwòrán rẹ̀ á yọ. Bí ẹyẹ kejì bá dá sí i, tirẹ̀ náà á yọ. Bí èyí àkọ́kọ́ bá tún ké, orúkọ rẹ̀ á tàn yẹ̀ẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń nàka sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa lo dátà láti gbé àkójọ ẹyẹ agbègbè yín sórí fóònù, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó máa ń ṣì í o. Ìlẹ̀kùn ilé wa kan wà tó ń dún kííkíí, mo ti rí orúkọ ẹyẹ mẹ́ta gbà lórí rẹ̀.

Fún ewé, kòkòrò àti olú, inaturalist.org ni. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ méfò, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn gidi á wá sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdin kan wà tí mo gbé síbẹ̀, ẹnì kan láti òdìkejì ayé bá mi jiyàn lórí irun ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Òun ló jàre.

Ojú ọjọ́: yr.no. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Nọ́wè àti iléeṣẹ́ rédíò ìjọba wọn ló jọ ń ṣe é láti 2007, ó sì ń sọ ti gbogbo ayé. Máàpù: openstreetmap.org. Àwọn èèyàn lásán ló ń ya á láti 2004, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn yòókù kì í yà máa ń wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Iṣẹ́ òru ni mo wà, kí n tètè kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá oògùn lórí Google kí ẹ sì tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ yọ. Bàbá kan tí mo tọ́jú dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ohun tó kà lórí ojú-òpó kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ojú ewé náà hàn mí, mo fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá: àgùnmu ni wọ́n ń tà. Gbogbo ìbẹ̀rù tí wọ́n kó sí òkè, torí ìgò tó wà nísàlẹ̀ ni.

medlineplus.gov ni mo máa ń fi àwọn ẹbí mi lọ. Ilé Ìkàwé Ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ó ti wà láti 1998, wọn ò gba ìpolówó. Ẹ wá oògùn níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kéékèèké sára páálí, kì í ṣe orúkọ gàdàgbà tí ilé iṣẹ́ fún un. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o: àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sọ paracetamol, "acetaminophen" ni wọ́n ń pè é. Ní nhs.uk ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, paracetamol ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú ewé náà wò kẹ́yìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ewé ìlera tí kò bá ní ọjọ́, èmi kì í kà á.

Èyí ò sọ pé kí ẹ má lọ rí dókítà o. Ó máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa béèrè tí ẹ bá débẹ̀ ni. Aago ti ń dún níbùsùn kẹfà, ó dàbọ̀.

Ojú_Lọ̀rọ̀_Wà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Èmi, ẹ̀rù ojú-òpó ayédèrú ló ń bà mí jù. Wọ́n ní kéèyàn wo àgádágodo kékeré tó wà lókè, bó bá ti wà níbẹ̀, kò séwu. Ṣé lóòótọ́ ni?

ọmọ_kọ̀ǹpútà

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgádágodo ń sọ kò ju pé kò sẹ́ni tó lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ojú-òpó náà. Bí olè ló ni ojú-òpó náà ńkọ́? Ẹ̀yin àti olè náà ni ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nìyẹn. Torí èèyàn ń ṣì í lóye ni Google fi yọ àmì náà kúrò nínú Chrome ní 2023, tí wọ́n fi àmì mìíràn síbẹ̀.

Ohun méjì ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì. Ẹ má kà á láti òsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú yín. Ẹ wá igi dídà (/) ẹyọ kan àkọ́kọ́, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn méjì tó so pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bí ẹ bá rí "https://banki-yin.com.wole.example/akaunti", banki-yin kọ́ ló ni ín. "wole.example" ló ni ín, banki-yin kàn jẹ́ aṣọ tó wọ̀ ni.

Ìkejì ni ọjọ́ orí. Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ kọ orúkọ ojú-òpó náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Created" sí. Wọ́n lè fi orúkọ olówó pamọ́, ọjọ́ ìbí sábà máa ń hàn. Ilé ìtajà kan tó ní òun ti ń sin àwọn oníbàárà láti ogún ọdún, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tuntun ni olè o, àmọ́ ọmọ tuntun tó ń pe ara rẹ̀ ní àgbà ni kí ẹ sá fún.

Ẹ má sì jẹ́ kí ".org" tàn yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ló lè gbà á. ".gov" ló yàtọ̀, ti ìjọba Amẹ́ríkà nìkan ni.

Ojú_Lọ̀rọ̀_Wà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹnì kan ò lè kó gbogbo ojú-òpó tó dára sójú kan fún wa? Àkójọ kan ṣoṣo, ká máa ti ibẹ̀ lọ.

ọmọ_kọ̀ǹpútà

Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n níbí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí 😂

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Yahoo pàápàá, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1994 nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Jerry Yang àti David Filo, tó ń kó ojú-òpó jọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Wọ́n pa àkójọ náà tì ní 2014. DMOZ, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń ṣe láti 1998, kógbá sílé ní 2017. Íntánẹ́ẹ̀tì ń dàgbà ju ọwọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, ó sì ń kú lábẹ́ rẹ̀. Ní 2024, Pew Research Center, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, wo àwọn ojú ewé tó wà ní 2013, wọ́n rí i pé ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò sí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn web.archive.org, ti àwọn Internet Archive, àwọn tó ni archive.org tí bàbá dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 2001 ló ti ṣí fún gbogbo èèyàn. Bí lìǹkì kan bá ti kú, ẹ da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kàlẹ́ńdà á jáde pẹ̀lú àwọn àmì róbótó lórí àwọn ọjọ́ tí wọ́n ya ojú ewé náà pamọ́. Ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ ó rí i bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹ lè fi "Save Page Now" tọ́jú ojú ewé tí ẹ ò bá fẹ́ kó sọnù.

Tíṣà_Oníṣirò

Àkójọ gbogbo ayé ò ṣeé ṣe. Ti ara ẹni ló ṣeé ṣe. Mo ní fódà kan nínú bíráòsà mi, kì í ju ojú-òpó ogún lọ. Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀kan sí i, mo gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan kúrò.

Ẹ̀kọ́ ọmọ: khanacademy.org fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. openstax.org fún ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì, òdidi ìwé, lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì lè gbé e sórí fóònù.

Ìwé kíkà: gutenberg.org. Michael Hart bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1971, kí ayé tó mọ ohun tó ń jẹ́ ojú-òpó. Ìwé tó lé ní 70,000 ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn tí ẹ̀tọ́ àdàkọ ti kúrò lórí wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í gbé ìwé mọ́, librivox.org ni kó lọ, èèyàn gidi ló ń ka àwọn ìwé náà sókè. Àwọn kan ń kà á dáadáa, àwọn kan ń kà á bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ní òòrùn ọ̀sán.

Eré: lichess.org fún ṣẹ́ẹ̀sì. Kò sí ìpolówó, kò sí owó. Ibẹ̀ ni mo ti ń pàdánù ní alaalẹ́.

Àdùkẹ́_Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o!

Áàpù ti lọ, òru ti tòrò. Àkáùńtì mẹ́rin ni mo bá lórí ojú-òpó àkọ́kọ́ tí ọmọ_kọ̀ǹpútà dárúkọ, mo ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì wá rèé. Mo nu ìjókòó rẹ̀ bí bàbá ṣe wí, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ òróró gbígbẹ tí mo rò tẹ́lẹ̀ pé kùn ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ lórí àtẹ ilé iṣẹ́ náà, mo mọ irú rẹ̀. Mo fi "site:archive.org" wá a. Ohun márùn-ún péré ló jáde! Márùn-ún! Ìkẹta ni ìwé náà, ẹnì kan ló ya á ní fọ́tò ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, àtàǹpàkò rẹ̀ pàápàá hàn ní igun kan.

Ojú ewé keje, wọ́n ya abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀yìn pẹrẹsẹ, òsì. Òwú á wọlé láti ọ̀tún. Kì í ṣe ẹ̀yìn! Gbogbo àwọn onídìí mẹ́wàá yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ó lè yàtọ̀ lára àtijọ́. Mo tú ìdè abẹ́rẹ́, mo yí i sí òsì, mo ki òwú bọ̀ ọ́. Mo fi àkísà kan dán an wò. Mo rán, mo rán, mo rán dé òpin aṣọ, mo tún yí i padà. Kò fo ẹyọ kan.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín gidigidi, bàbá. Ohun kan ló kù: ojú ewé kọkànlá sọnù nínú ìwé tí mo rí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yí òwú sí bọ́bìnnì, irin kékeré tó ń di òwú ìsàlẹ̀ mú.

BàbáÌwé

Mo ti jíṣẹ́ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Padà sínú ohun márùn-ún yẹn, kí o ṣí ìkarùn-ún. Irú máṣíìnì tó tẹ̀ lé tìrẹ ni, àmọ́ irú bọ́bìnnì kan náà ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Fi àwòrán rẹ̀ wé ti ara máṣíìnì rẹ kí o tó tẹ̀ lé e.

Sọ̀rọ̀_Kó_Dùn

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ní rédíò àtijọ́ kan nílé tí kò gbé ohùn mọ́. AI ti sọ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mi. Níbo ni nọ́ńbà ti rédíò máa ń wà?

BàbáÌwé

Ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lórí bébà kékeré kan. Yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí o tó yí i dojú dé.